Kèlú Tó Ń Lu Rìmù

Kèlú kì í lè jókòó sójú kan. Bí ó bá da àpòpọ̀ ọkà jéró sínú agbada másà tán, á dìde, á na ọrùn wo ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, á padà jókòó, á yí másà, àkàrà jéró náà, á tún dìde. Àwọn tó ń ra másà lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan á ti jóná díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan rí, kò sí ẹni tó ń dín másà bíi tirẹ̀ ní Kúkà Bíyù, abúlé wa. Ìbẹ̀rù ló ba másà náà jẹ́. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn àgbà wa ti ń sọ ọ́ bí ìtàn ẹ̀rín.

Opó ni Kèlú. Kànúrí ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀, ó sì fi ọmọ-ọwọ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Yàkúrà. Wàrà ewúrẹ́ àti kúnú ni Kèlú fi tọ́ ọmọ-ọmọ yìí dàgbà. Nígbà tí Yàkúrà wọ ilé-ẹ̀kọ́, ìyá àgbà rẹ̀ kó agbada, igi ìdáná àti àpótí ìjókòó kúrò ní ọjà, ó kó wọn wá sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n bi í pé ṣé kò rí tà mọ́ ní ọjà ni.

Ó ní, “Mo ń rí tà. Ọmọ mi ni n kò rí níbẹ̀.”

Ilé oníbíríkì kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà náà, àwọn ọmọ ńlá sì ti kún un. Inú kíláàsì pòròpórò ni àwọn kéékèèké ń jókòó sí. Bí a bá ti kórè jéró tán lọ́dọọdún, gbogbo abúlé á ru pòròpórò wá, a ó dì í mọ́ igi, a ó fi koríko bo orí rẹ̀. Bí òjò bá ti ń bọ̀, a ó tú u palẹ̀. Ìjọba ti ṣèlérí bíríkì fún wa láti ìgbà tí èmi fúnra mi wà ní kíláàsì pòròpórò. Mo ti lọ sí yunifásítì, mo ti padà dé, ìlérí náà ṣì wà níbi tí mo fi í sí.

Lọ́dún kan, irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ jó ní abúlé kan lápá ìlà-oòrùn wa. Àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. N kò ní sọ iye wọn. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Ìgbà náà ni àwọn panápaná wá láti ìlú Dámágárám, tí Baálẹ̀ pe ìpàdé sábẹ́ igi dóńgóyárò, tí àwọn òbí, àwọn olùkọ́, àwọn obìnrin àti àwọn darandaran tó wà nídìí kànga fi wá jókòó pọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ìpàdé náà dára. Ọ̀gá àwọn panápaná sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ìlẹ̀kùn kíláàsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó ní kí iyanrìn wà nínú ìkòkò lẹ́bàá ògiri. Ó ní kí iná kankan má ṣe wọ inú ọgbà. Ó ní kí a wá ohun kan tí a ó máa lù bí iná bá ṣẹ́ yọ, kí ẹni tó ń lù ú má sì jìnnà sí ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti lù ú, kí àwọn ọmọ jáde, kí omi sì máa bọ̀.

Baálẹ̀ mú rìmù tírélà kan tó ti dẹ́nu kọlẹ̀ wá. Àwọn obìnrin mú ìkòkò wá. Wọ́n so rìmù náà rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, wọ́n sì ní Kèlú ni kó máa lù ú, nítorí ibẹ̀ ló ń jókòó sí, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣọ́ àwọn kíláàsì náà bíi tirẹ̀. Omi kù. Ó bọ́ sọ́wọ́ Yérò.

Fúlàní ni Yérò. Òun ló ni kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, tó fi ń pọn omi láti ìdí kànga lọ sí ojúlé, dúrọ́ọ̀mù méjì ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí kànga kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, Mówà, wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Yàkúrà, òun sì lẹni àkọ́kọ́ nínú ìran wọn tó mú gègé lọ́wọ́. Yérò dìde lábẹ́ dóńgóyárò, ó ní, “Bí rìmù bá ti dún, bí mo tilẹ̀ ń kírun, mo ń bọ̀.”

Kèlú ké láti àárín àwọn obìnrin pé, “Ìgbà wo lo kírun rí?”

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kànúrí àti Fúlàní, ẹrú ara wọn ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá fi lélẹ̀. Wọ́n lè bú ara wọn, wọ́n lè kó nǹkan ara wọn sá lọ, wọ́n lè purọ́ mọ́ ara wọn lójú Baálẹ̀, kódà nídìí òkú. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Wọ́n ní torí kí ogun má baà sí ni. Fún ti ogun, ó dára.

Láràárọ̀ ni Yérò máa ń dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró níwájú agbada Kèlú.

“Ẹrú mi, o ti jí? Ta ló fún ọ láyè kó o jí ṣáájú mi?”

“Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ ló jí mi. Ó tiẹ̀ kí mi dáadáa. Òun ló ní ẹ̀kọ́ ilé nínú ẹ̀yin méjèèjì.”

“Wo ojú rẹ bí igbá tí ológbò họ.”

“Ó sàn ju ti ẹni tó ń bi màlúù léèrè kó tó fẹ́ ìyàwó.”

“Màlúù mi ló ní kí n má fẹ́ Kànúrí. Ó ní èéfín tùràrí wọn á pa òun.”

Yérò á wá mú másà kan láìsanwó, á lọ. Kèlú á sọ igi ìdáná tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ á máa pàtẹ́wọ́.

Àwọn panápaná padà wá láti wo bí a ṣe ń ṣe é. Kèlú lu rìmù. Àwọn ọmọ jáde ní ìlà, Yérò dé pẹ̀lú omi, àjọ kan láti ìlú ya fọ́tò, wọ́n pín bisikíìtì. Ó lọ déédéé. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, Kèlú kò lè sùn. Ó sọ fún ìyá mi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé, “Wọ́n ti sọ fún Yérò pé kó máa bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ta ló mọ̀ bóyá yóò wá lọ́jọ́ tí wọn kò sọ?”

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó bi Yérò. Ṣùgbọ́n báwo ni Kànúrí ṣe ń bi Fúlàní ní ọ̀rọ̀ gidi? Ẹnu wọn kò mọ ọ̀nà náà. Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú gan-an, tí Yérò jókòó nídìí kànga tó ń mu fúrà, Kèlú mú ọ̀pá, ó lu rìmù.

Yérò ju igbá fúrà nù. Ó na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, omi ń dànù, kẹ̀kẹ́ ń fò lórí iyanrìn, bàtà rẹ̀ kan já sọ́nà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, Kèlú jókòó, ó ń yí másà.

“Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá Fúlàní lè sáré nítorí ohun tí kì í ṣe màlúù ni.”

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí láwàní fi tú lórí rẹ̀. Mùsíè Láwálì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, di ògiri mú kó má baà ṣubú. Yérò náà rẹ́rìn-ín, ó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé agbada Kèlú lọ, ó so ó mọ́ ọrùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó ní àfi kí wọ́n fi odidi igbá másà rà á padà. Wọ́n rà á padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́.

Kèlú sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Kò pẹ́ tí oorun tún fi dá lójú rẹ̀. Ó tún lù ú. Yérò tún wá, ṣùgbọ́n kò sáré tó ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ló mú kí Kèlú tún lù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan nídìí kànga ló dìde, ó ju ọwọ́ sí i láti òkèèrè, ó sì padà sídìí ọpọ́n ayò rẹ̀. Kèlú ń rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wa. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. N kò sọ èyí láti dá a láre. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ ó fi ṣeré.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé òbí pé rìmù kì í ṣe ohun ìṣeré, pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò dún tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Àgbà kan dá mi lóhùn pé, “Ọmọ yìí, ìwé ló gbẹ ọ lọ́fun bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń bínú sí eré Kànúrí àti Fúlàní, ìyàwó ni kò ní.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, n kò níyàwó. Baálẹ̀ tú ìpàdé ká.

Kì í ṣe rìmù nìkan. Àwọn ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ kíláàsì, wọ́n ń jẹ pòròpórò. Ewúrẹ́ Baálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mùsíè Láwálì ní kí wọ́n fi okùn so ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Wọ́n so ó pa. Nípa ti iná, òfin panápaná mú Kèlú. Wọ́n ní kó gbé ìdáná rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sí òdìkejì ojú ọ̀nà, ó sì gbé e. Nígbà tó padà wá gba ìyókù igi rẹ̀, ó rí Mùsíè Láwálì lẹ́yìn kíláàsì àwọn ọmọdé, níbi tí ògiri ti ń dí atẹ́gùn fún un. Ó jókòó ti ìkòkò èédú kékeré, kẹ́tùlù tíì wà lórí rẹ̀, ó ń da tíì láti inú ife kan sínú ìkejì kó lè yọ ìfófòó.

“Mùsíè, ẹ ní kí n gbé iná mi jáde.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Iná nìyẹn. Tíì nìyí.”

“Kí ló wà lábẹ́ tíì?”

“Ìyá Kèlú, ẹ jẹ́ n simi. Ẹ lọ wá Fúlàní yín bá jà.”

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn: ọ̀rọ̀ yòówù kó sọ, eré ni.

Òwúrọ̀ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́ burúkú, tí ojú ọ̀run pọ́n nítorí eruku, fóònù Mùsíè Láwálì dún. Ó fi kẹ́tùlù sílẹ̀, ó gun òkè iyanrìn lọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ ènìyàn. Tántì Rakíyà, olùkọ́ àwọn ọmọdé, wà nínú kíláàsì, ó ń kọ́ wọn ní álífábẹ́ẹ̀tì. Yàkúrà jókòó lórí ẹní iwájú, nítorí ìyá àgbà rẹ̀ tètè ń mú un wá. Mówà wà lórí ẹní ẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní, ọmọbìnrin á kọ́kọ́ gbé wàrà lọ fún àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ kó tó wá sílé-ẹ̀kọ́, ẹni tó bá sì pẹ́ dé, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí.

Kèlú dìde bí ìṣe rẹ̀, ó na ọrùn. Ó mọ èéfín tíì Mùsíè bí ó ṣe mọ ojú agbada rẹ̀: tín-ín-rín ni, kì í ga kọjá òrùlé. Èyí nípọn. Atẹ́gùn ń wọ́ ọ lọ sórí koríko.

Ó sáré sọdá, ó mú ọ̀pá, ó lu rìmù.

Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tántì Rakíyà náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun sọ fún wọn pé, “Ẹ gbọ́, Kèlú ń pe ẹrú rẹ̀ o,” òun sì yíjú padà sójú pátákó.

Kèlú lù ú, ó lù ú. Ó wo ìdí kànga. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ gbé ọwọ́ sókè sí i, wọ́n ń jù ú bí ẹni ń kí èrò ọkọ̀. Ó lérò pé àwọn ọmọ á ti máa jáde, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Omi ló kù. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sáré lọ sí ìdí kànga. Gèlè rẹ̀ bọ́, kò mú un.

Yérò rí i lókèèrè. “Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Rìmù ti sú u, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀ wá jíṣẹ́!”

“Yérò, iná!”

“Iná wo? Ti abẹ́ agbada rẹ àbí ti ẹnu rẹ?”

“Iná ni mo wí! Lórí àwọn ọmọ!”

“Hàhá. Lóòní, n kò gba tẹnu. Kúnlẹ̀ ná.”

Kèlú kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tí omi kànga ṣe, níwájú gbogbo wọn. Ariwo sọ. Ẹnì kan fò sókè. “Ẹ jẹ́rìí o! Kànúrí kúnlẹ̀ fún Fúlàní! Ẹ jẹ́rìí!” Yérò na ọwọ́ méjèèjì bí ọba.

“Ó kù díẹ̀. Sọ pé: olúwa mi Yérò, èmi ẹrú rẹ tí ojú mi dà bí igbá tí ológbò họ...”

Ó dúró kí èébú tirẹ̀ padà wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, kò sí èébú kan tó sọ sí obìnrin yìí tí kò padà wá bá a kó tó pa ẹnu dé. Kèlú kò sọ nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú Yérò.

“Kèlú?” ó wí. Kò pe orúkọ yẹn rí.

Ó ti fò sórí kẹ̀kẹ́ kí àwọn yòókù tó yé rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni wọ́n wá gbójú sókè tí wọ́n rí èéfín náà lórí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Pòròpórò gbígbẹ kì í jó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, òrùlé ti gbiná láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, àwọn ọmọ ń tú jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, wọ́n ń wó lu ara wọn. Tántì Rakíyà ń fà wọ́n lápá, ó ń jù wọ́n sórí iyanrìn. Yàkúrà ti jáde. Kèlú rí i. Ó rí i, ó sì gbá a mú, lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró náà: àwọn ọmọ kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń lu ìlẹ̀kùn tí a fi okùn so. Panápaná ti kọ́ wọn pé bí iná bá wà níwájú kí wọ́n gba ẹ̀yìn, bó bá wà lẹ́yìn kí wọ́n gba iwájú. Èéfín ti gba gbogbo ibẹ̀, ọmọdé kò mọ èwo ni iwájú mọ́. Wọ́n sá lọ síbi tí wọ́n sún mọ́.

Yérò kò dúró tú okùn. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó fi ìdí rẹ̀ ti ògiri ẹ̀gbẹ́ wó lulẹ̀, dúrọ́ọ̀mù omi sì dojú dé sínú ibẹ̀. Ó wọlé. Ó gbé wọn jáde ní méjì méjì. Mówà ló gbé jáde kẹ́yìn, nítorí òun ló súnmọ́ ìlẹ̀kùn náà jù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń ti ìlẹ̀kùn.

Ọmọ kankan kò kú. Mùsíè Láwálì kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí Dámágárám. Ó kọ ọ́ pé ìmúrasílẹ̀ wa ṣiṣẹ́, pé àjọṣe láàrin ilé-ẹ̀kọ́ àti ará abúlé ló gba àwọn ọmọ là. Wọ́n yìn ín. Kò kọ ọ̀rọ̀ tíì síbẹ̀. Kò kọ ọ̀rọ̀ okùn. Ó ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa títí dòní, nítorí ó ní ẹni lókè.

Wọ́n gbé Mówà lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká wọnú bí ewé tó gbẹ. Ìka méjì kò ṣí mọ́. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, Yérò wá sí àgbàlá Kèlú, àwọn àgbà tẹ̀lé e, nítorí wọ́n fẹ́ rí i pé eré kò tíì bàjẹ́. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí ohun tí yóò sọ.

Yérò ní, “Ẹrú mi, o dín ọmọ mi bí másà, o jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan jóná.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rín ẹni tí a tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ni. Baálẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, “Ọlọ́run ṣeun, ó ti tán.”

Kèlú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Yérò, bínú sí mi.”

“Èmi? Sí ìwọ?”

“Bú mi bí ẹni tó bínú. Lù mí. Èmi ni mo sọ rìmù yẹn di ìranù.”

“N kò lè ṣe é.” Ó wolẹ̀. “Baba mi kò fi ìbínú kankan sílẹ̀ fún mi lórí rẹ. Ibo ni kí n ti mú un?”

“Ẹlòmíràn ń kọ́?” Kèlú yíjú sí àwọn àgbà. “Ẹ̀yin ń kọ́? Ta ló so ìlẹ̀kùn? Ewúrẹ́ ta ni? Ta ló ń se tíì?”

Àwọn àgbà ní ó ti tó, ó ti rẹ obìnrin náà. Wọ́n lọ sílé. Mo rò pé ìbéèrè rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni sọ lórí iná yẹn.

Láti ìgbà náà ni kò ti fèsì èébú mọ́. A kórè, a tún ru pòròpórò, a tún kọ́ kíláàsì. Ọyẹ́ tún dé. Yérò á dá kẹ̀kẹ́ dúró láràárọ̀, á bú u, Kèlú á máa yí másà lọ láìfọhùn, á dìde, á wo òrùlé, á jókòó. Ní gbogbo ìgbà tí kò bá ti fèsì, Yérò náà á yí ọrùn wo òrùlé. Kò lè ṣe kó má wò ó. Ó ti kọ́ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ obìnrin yẹn túmọ̀ sí, kò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Ó bẹ̀ ẹ́ lójú mi ní ọjọ́ kan. “Ẹrú mi, dá mi lóhùn. Èébú kékeré kan. Bí o bá ń dákẹ́ lójoojúmọ́, báwo ni n ó ṣe mọ ọjọ́ tí iná bá wà?”

Kèlú ronú lórí rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mówà jókòó sórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú baba rẹ̀, ó ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó fi ọwọ́ òsì di báàgì mú. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹrú bàbá mi, ṣé másà rẹ ti jóná tán?”

Kèlú yí másà tó wà níwájú rẹ̀. “Ó jóná,” Kèlú wí. “Mo fi ti bàbá rẹ pa mọ́, torí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kò jẹ irú ẹ̀.”

Yérò mí kanlẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí ó bá bú u, á fèsì, á lọ. Èsì náà kò ní adùn tó ní tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń kíyè sí bóyá àgádágodo ti tì.

Ó kù ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, atẹ́gùn ń fẹ́. Kèlú na ọrùn, ó rí okùn èéfín tín-ín-rín kan lẹ́yìn kíláàsì àwọn ọmọdé. Ó pọn omi sínú bùtá, ó wọ ọgbà. Yérò ń kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì jókòó nídìí agbada ní òdìkejì ojú ọ̀nà, mo ń dúró de másà.

A gbọ́ ohùn Mùsíè Láwálì. “Ìyá Kèlú! Ó tún ti dé! Kí lẹ fẹ́ fi omi yẹn ṣe? Tíì lásán ni, ẹ wá mu níbẹ̀!” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ ti di panápaná?”

A dúró kí Kèlú fèsì. Kò fèsì. A gbọ́ tí omi bọ́ sórí èédú, a gbọ́ tí ó dún ṣàà.

Yérò ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kò wo òrùlé, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó mú ọ̀pá Kèlú nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu rìmù, ó ń lù ú bí ẹni tí inú ń bí. N kò rí ìbínú lára rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà. Tántì Rakíyà kó àwọn ọmọ jáde láti ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Àwọn ọkùnrin fi ayò sílẹ̀ nídìí kànga, wọ́n gbé omi bọ̀. Baálẹ̀ ń bọ̀, láwàní rẹ̀ wà lọ́wọ́. Gbogbo abúlé dúró yí Mùsíè Láwálì ká, pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́ wọn. Ife tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò bá a rẹ́rìn-ín.

Kò rí ẹnì kan.